Wíìlì lórí páwà báìkì: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ìlọrin)

OmoTanke600

Salaamu alaykum, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú àkókò yìí o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Honda CBR600F4i tòkunbọ̀ (ẹ́ńjìnnì 600cc), ti ọdún 2003. Tánkẹ níbí ni mò ń gbé. Boxer bàbá mi ni mo fi kọ́ báìkì láti sẹ́kọ́ńdírì, mo sì ní láísẹ́ẹ̀sì, nítorí náà kì í ṣe gígùn ni ìṣòro mi. Wíìlì ni mo fẹ́ kọ́: kí táyà iwájú gbéra nílẹ̀, kí n máa fi tẹ̀yìn nìkan lọ, kí n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo ti wo fídíò títí, àlàyé wọn kò bára mu. Àwọn kan ní kí n wà ní jíà kìn-ín-ní kí n kàn yí tọ́rọ́tù (ibi ìfúnná lọ́wọ́ ọ̀tún) gbà. Àwọn kan ní kílọ́ọ̀ṣì (lífà ọwọ́ òsì) ni. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ní kí n lọ dán an wò lójú títì Yunifásítì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n tún ṣe lára báìkì kí n tó bẹ̀rẹ̀?

GambariBoy

Mo ti jókòó. Èmi náà fẹ́ gbọ́ èyí.

AlfaOniBaiki

Wa alaykumu salaam, àbúrò. O káre tó o béèrè kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ títì kúrò nílẹ̀. Má ṣe é lójú títì Yunifásítì, má ṣe é ní ọ̀nà Asà Dam, má ṣe é lójú títì kankan tí ẹlòmíràn ń gbà. Kò sí àárọ̀ tí títì yẹn ṣófo. Ọmọ ilé-ìwé á sáré sọdá, kẹ̀kẹ́ Marúwá á yà láì wẹ̀yìn, ewúrẹ́ á já jáde. Nígbà tí táyà iwájú bá wà lókè, búrèkì iwájú ò wúlò fún ẹ mọ́, àńdù ò lè darí ẹ lọ síbì kankan, iwájú báìkì fúnra rẹ̀ á sì bo ohun tó wà níwájú ẹ. Bí o bá ń sá eré kìlómítà 40 péré ní wákàtí kan, bíi mítà 11 lò ń lọ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Kó o tó mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀, o ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òfin ìrìnnà náà ò gbà á. Gígùn lọ́nà tó léwu lójú pópó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Road Safety sì lè mú ẹ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin kọ́ ló ká mi lára jù. Ìyá oníyàá tó gbé ẹrù sórí tó ń lọ sọ́jà ni. Òun ò bá ẹ ṣe àdéhùn pé o fẹ́ kọ́ wíìlì.

MekanikiTaiwo

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Taiwo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, páwà báìkì ni mo sì ń tún ṣe jù.

F4i báìkì gidi ni. Láti 2001 dé 2006 ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tó ń fi báìkì dárà lókè òkun fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ torí pé ó lágbára ìfaradà. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni tìẹ, àbúrò. O ò mọ ohun tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fojú rẹ̀ rí. Kí o tó ronú wíìlì rárá, jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ wò ó pẹ̀lú ẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ṣéènì ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Wíìlì a máa já ṣéènì gbà lójijì, kò dà bí ìgbà tó o bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ṣéènì bá ti fà ju bó ṣe yẹ lọ, tí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) sì ti mú ṣóṣóró, ó lè fò kúrò lórí eyín kó lọ há, táyà ẹ̀yìn á sì dúró gbagidi lórí eré. Bó o ṣe máa mọ̀ rèé: lọ sẹ́yìn sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, fi ìka méjì mú ṣéènì kó o fà á sọ́dọ̀ ara rẹ. Ṣéènì tó ṣì dáa ò ní kúrò lójú eyín. Bó bá gbéra débi pé o rí ìdajì eyín lábẹ́ rẹ̀, ó ti tán. Àpapọ̀ ni kó o pààrọ̀ wọn, ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ẹni tó bá fi ṣéènì tuntun sórí eyín tó ti jẹ ń fi owó ṣòfò ni.

Táyà wá ńkọ́? Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàá rí DOT, lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà, nọ́ńbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá kọ 2314 síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe táyà náà. Mo ti rí táyà tí ojú rẹ̀ ń dán, tí ihò ara rẹ̀ ṣì jìn dáadáa, tí wọ́n tà fún èèyàn bíi tuntun, àṣé ó ti le bíi pátákó. Irú èyí ò ní di títì mú.

Fi ìka nu irin ṣọ́ọ̀kì iwájú. Bí ọ́ìlì bá lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, síìlì ti lọ. Gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kó o sì rọra yí àńdù láti ọ̀tún dé òsì: bó bá ń há láàárín gbùngbùn, bíárìn ọrùn rẹ̀ ti jẹ. Àwọn ibi wọ̀nyí gan-an ni gbogbo ìwúwo báìkì máa ń já lé bí o bá sọ ọ́ kalẹ̀ gbì.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló kù. Ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni pọ́ǹpù ti ń fà á. Bí iwájú bá wà lókè pẹ́, ọ́ìlì á ṣàn sẹ́yìn, pọ́ǹpù á sì máa fa atẹ́gùn. Wíìlì kúkúrú ò ní ṣe é ní nǹkan kan bí ọ́ìlì bá pé ìwọ̀n. Bí iná ọ́ìlì bá tàn, gbé e sọ̀kalẹ̀, kó o pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

SpeedKwara

Ẹ̀yin àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ ti ń dẹ́rù ba ọmọ yìí jù. 600 ló rà, 600 ni kó fi kọ́. Ta ló fẹ́ máa fi báìkì kékeré jìyà? Jíà kìn-ín-ní, kí ó yí tọ́rọ́tù gbà, á dìde fúnra rẹ̀.

IjakadiLoro

Mo kí gbogbo ilé láti Ọ̀fà.

SpeedKwara, mo gbọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ rẹ kì í sì ṣe irọ́. 600 á dìde. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára ẹṣin tó lé ní 100 kò níṣòro láti gbé iwájú ara rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, nígbà tó bá ti dìde tán, tí kò fẹ́ dúró mọ́, kí ni ọmọ yìí máa ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó gbà á dé ìparí. Lọ́dún 1984, Doug Domokos, ará Amẹ́ríkà, fi táyà ẹ̀yìn nìkan rin bíi kìlómítà 233 lójú pápá ìdíje Talladega. Honda XR500 ló gùn, báìkì inú igbó ni. Lọ́dún 1991, ará Japan kan, Yasuyuki Kudo, rin kìlómítà 331 láì jẹ́ kí tiwájú kanlẹ̀. Honda TLM220R ló lò, báìkì kékeré tí wọ́n ń gùn kọjá lórí àpáta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó ìdajì ti F4i. Bó bá jẹ́ pé agbára ló ń gbé báìkì dúró lókè, irú báìkì wọ̀nyẹn kọ́ ni wọn ì bá mú jáde. Ìdúró déédéé ni. Béèyàn bá ti mọ ibi tí báìkì ti ń dúró fúnra rẹ̀, agbára díẹ̀ ló kù tó nílò.

Ní ti tọ́rọ́tù lórí 600, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì oníhò mẹ́rin yìí máa ń ṣe jẹ́jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ké sókè, agbára á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú á gbéra. Ara ẹni tó ń gùn ún á yọ̀ sẹ́yìn lórí ṣíìtì, apá rẹ̀ á nà tán, torí pé àńdù ló dì mú kó má bàa ṣubú. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún á wá bá apá lọ sẹ́yìn. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọrùn ọwọ́ bá lọ sẹ́yìn lórí tọ́rọ́tù? Ó tún ń fún un níná sí i ni! Ìbẹ̀rù ló mú kó dì í mú, dídìmú ló sì dá a dojú dé. Kì í ṣe pé ó ya òmùgọ̀. Ara èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wá bá mi. Búrèkì ẹ̀yìn. Bí iwájú bá ti lọ sókè ju bó ṣe yẹ, tó o bá tẹ búrèkì ẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn á falẹ̀, iwájú á sì padà sílẹ̀ wá. Kò sí ohun mìíràn lára báìkì tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Tí o bá pa tọ́rọ́tù nígbà tí báìkì ti kọjá ibi ìdúró rẹ̀, kò ní padà, ẹ̀yìn ni yóò máa lọ.

Torí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí wíìlì. Gun báìkì kékeré ní jíà kìn-ín-ní, fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí búrèkì, má gbé e kúrò níbẹ̀. Bí o ti ń fún un níná díẹ̀, tẹ búrèkì díẹ̀, kó o jọ̀wọ́ rẹ̀. Tún un ṣe. Máa ṣe é títí ẹsẹ̀ á fi máa ṣe é láì dúró de ọpọlọ. Ó ń súni, mo mọ̀. Ẹni tí kò bá lè fara da ọjọ́ yẹn, mi ò ní bá a lọ síwájú.

Lẹ́yìn ìyẹn la máa wá gbé iwájú díẹ̀, kó má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, kó o sì fi ẹsẹ̀ mú un wálẹ̀. Kódà bí kò bá tíì sí ìdí láti tẹ búrèkì, tẹ̀ ẹ́. Gbogbo gígbéra ni kó máa parí sí ẹsẹ̀.

OmoTanke600

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, ẹ ṣeun gan-an. Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba búrèkì ẹ̀yìn nínú gbogbo fídíò tí mo wò. Kílọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe ń lò ó?

IjakadiLoro

Kílọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ́ni, torí pé ó jẹ́ kó o gbé iwájú lórí eré díẹ̀. Tọ́rọ́tù nìkan fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti ké dé òkè, ìyẹn sì túmọ̀ sí eré púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Wà ní jíà kìn-ín-ní, bíi kìlómítà 20 sí 25 lórí báìkì kékeré. Jókòó sẹ́yìn díẹ̀, fi orúnkún méjèèjì fún táńkì epo mú, kí apá rẹ rọ̀. Ìka kan tàbí méjì ni kó wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ìyókù di àńdù mú. Fa kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀, fi ọwọ́ ọ̀tún fún un níná díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì ké, kó o sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì kíá, ṣùgbọ́n má jù ú sílẹ̀ pàì. Iwájú á fò sókè. Má fa àńdù mọ́ra. Báìkì tó bìkítà fún kí o fà á kò sí, kílọ́ọ̀ṣì ló ń gbé e. Wo ọ̀nà jíjìn níwájú, má wo táyà. Ẹni tó bá ń wo táyà kò ní mọ bó ti ga tó.

Bó bá ń bọ̀ wálẹ̀, má pa tọ́rọ́tù pátápátá. Ṣẹ́ díẹ̀ kù sí i kí táyà iwájú lè fara balẹ̀ kanlẹ̀, kí àńdù sì wà ní ọ̀gangan. Bí táyà bá kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àńdù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti ọ̀tún sí òsì, ó sì lè jù ẹ́ nù. Ohun kan tún wà: má fọwọ́ kan búrèkì iwájú lókè. Táyà á dúró láì yí, bó bá sì kanlẹ̀ báyẹn, á ta báìkì.

FisiksiUnilorin

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti ẹ̀gbọ́n, torí pé ọ̀rọ̀ ìdúró déédéé yìí ló ń dùn mọ́ mi jù.

Báìkì àti ẹni tó gùn ún, ojú kan wà tí ìwúwo àwọn méjèèjì kórajọ sí, ó sábà máa ń wà nítòsí ikùn ẹni tó gùn ún, lápá ìsàlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí táyà méjèèjì wà nílẹ̀, ojú yẹn jìnnà sí táyà ẹ̀yìn, níwájú rẹ̀. Ìwúwo ń fa iwájú wálẹ̀, agbára táyà ẹ̀yìn sì ń tì í sókè. Bí iwájú ti ń gòkè, ojú ìwúwo yẹn ń sún sẹ́yìn sọ́dọ̀ ibi tí táyà ẹ̀yìn ti kanlẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ ọn, agbára tó nílò láti dúró lókè ń dín kù. Nígbà tó bá wà ní òkè ibẹ̀ gẹ́ẹ́, kò nílò ju ìwọ̀nba tó ń mú báìkì máa lọ lọ. Bó bá kọjá rẹ̀ báyìí, ìwúwo kan náà tó ń fà á wálẹ̀ síwájú tẹ́lẹ̀ ló ń fà á ṣubú sẹ́yìn.

Ẹ rí i pé òdìkejì ohun tí ọwọ́ fẹ́ ṣe ni. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bani jù ló yẹ kí iná kéré jù.

Ó tún ṣàlàyé ìdí tí báìkì kan fi ń tètè dìde ju èkejì. Suzuki Hayabusa lágbára ju Yamaha R6 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n láti àárín táyà kan dé èkejì, Hayabusa jẹ́ bíi mílímítà 1480, R6 sì jẹ́ bíi 1375. Báìkì gígùn, tó rẹlẹ̀, ń jẹ́ kí ojú ìwúwo jìnnà sí táyà ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn náà tí wíìlì fi ń rọrùn sí i béèyàn bá sún sẹ́yìn lórí ṣíìtì.

AdukeOnibaiki

Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ni mí, mi ò sì ga, mi ò wúwo. Ṣé apá mi lè ká a?

IjakadiLoro

Má ṣèyọnu, àǹtí. Apá ò wúlò nínú rẹ̀. Obìnrin kan wà tí mo kọ́, òun ló tètè mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí pé kò gbìyànjú láti fi agbára gbé e. Ohun tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò ni pé kí ẹsẹ̀ rẹ tó ilẹ̀ dáadáa bí báìkì bá dúró, kí ìka rẹ sì tó lífà kílọ́ọ̀ṣì. Mẹkáníìkì lè sún lífà yẹn mọ́ ẹ.

AlfaOniBaiki

Ohun tí ẹ ń sọ yìí rán mi létí ọjọ́ Iléyá níwájú ààfin Ẹmir. Ẹlẹ́ṣin tó mọṣẹ́, bí ẹṣin bá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, ṣé ẹ rí i pé kì í fa ìjánu? Ó ń tẹ̀ síwájú, ó fún ẹṣin níhà pẹ̀lú itan rẹ̀, ó sì rọ ìjánu. Èyí tó bá ń fa ìjánu ni ẹṣin ń yí lù. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún nínú èrò lọ́jọ́ yẹn, páwà báìkì ni mò ń sọ. Bí ẹ bá ń bá ìyàwó lọ síbi ìnáwó, ẹ jẹ́ kí báìkì wà lórí táyà méjèèjì.

IyaIbejiNoosi

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Mi ò wá láti lé ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí ẹ má ṣe é, ẹ̀yìn ilé lẹ máa lọ ṣe é.

Ẹni tó bá ṣubú sẹ́yìn láti orí báìkì, ìdí àti ọ̀wọ̀n ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, lẹ́yìn náà orí. Ẹni tó bá ṣubú síwájú a máa na ọwọ́, ọrùn ọwọ́ àti egungun èjìká ló sì máa ń kán. Ìbọ̀wọ́ tó le, jákẹ́ẹ̀tì tó ní ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn, bọ́ọ̀tù tó bo kókósẹ̀. Sílípáàsì kò bá a mu rárá.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bo gbogbo ojú ni kí ẹ rà, kí ẹ sì so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n kó mú dáadáa. Fóòmù tó le tó wà nínú rẹ̀ ló ń gba agbára ìṣubú, ó ń fọ́ kí orí má bàa fọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ti bá ẹnì kan ṣubú ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kódà bí ọ̀dà rẹ̀ kò bá ṣí. Torí èyí, ẹ má ra tòkunbọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ gan-an nìyí. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ má fà á dìde. Ẹ má gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn! Mo ti rí ẹni tó ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ṣubú sí, tí kò lè mì í mọ́ nígbà tí wọ́n fi gbé e dé. Ẹnì kan kó kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn mú lójú kan. Bó bá ń mí dáadáa, ẹ má yọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fún un lómi mu. Ẹ má da omi sí i lójú. Ẹ pe 112, tàbí 122 ti Road Safety, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ ti mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun báìkì lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀.

GambariBoy

Ìyá, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ti omi yẹn, gbogbo wa la máa ń ṣe é.

OmoTanke600

Ẹ ṣeun, mà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo gbé báìkì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣéènì dáa. Táyà ẹ̀yìn ti 2012 ni, mo máa pààrọ̀ rẹ̀. Búrèkì ẹ̀yìn rí bíi kó má sí, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń wọlẹ̀ púpọ̀ kó tó mú. Mẹkáníìkì náà tún ní kí n fi sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí eyín rẹ̀ dín kan síwájú kó lè máa tètè dìde. Ṣé kí n ṣe é?

MekanikiTaiwo

Búrèkì ni kó o kọ́kọ́ ṣe, gbogbo ìyókù dúró. Bí ẹsẹ̀ bá ń wọlẹ̀ báyẹn, atẹ́gùn ti wọ inú omi búrèkì tàbí páàdì ti jẹ tán. Wo páàdì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fa omi àtijọ́ jáde, kí wọ́n fi omi búrèkì DOT 4 tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sí i, kí atẹ́gùn jáde tán. Omi búrèkì máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, torí náà ẹ má lo èyí tó ti wà ní ṣíṣí lórí káńtà láti ọdún tó kọjá. Kí wọ́n tún lífà ẹsẹ̀ náà gbé kó bá bọ́ọ̀tù rẹ mu. Tó o bá jókòó, tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ lé e, kò yẹ kó o gbé orúnkún sókè kó o tó débẹ̀.

Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì? Mi ò ní bá ẹ ṣe é báyìí. Òótọ́ ni pé eyín tó dín kan níwájú á mú kó tètè dìde. Ṣùgbọ́n báìkì rẹ kò ní ìṣòro dídìde. Á máa ké sókè jù lórí ọ̀nà jíjìn, bó o bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, epo á sì máa lọ. Lára ọ̀pọ̀ irú báìkì yìí, mítà tó ń sọ eré náà á máa parọ́. Fi sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é.

SpeedKwara

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ti ọrùn ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, mo dúró mo rò ó. Èmi náà ti rí ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣubú báyẹn gẹ́lẹ́, a rò pé ṣe ló fẹ́ ṣe fáàrí ni. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí báìkì kékeré. Níbo lèèyàn ti lè rí i yá?

OmoIgbomina

Ẹ jẹ́ kí n wọlé síbí. Òmù-Àrán ni mo wà, báìkì inú igbó ni mo fi ń lọ sóko. Mo ní ọ̀kan tó jẹ́ 125, ọ̀nà búburú ló ti gbà jù, kò sí ike tó máa fọ́ lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́ lulẹ̀, lífà ló máa tẹ̀, a ó sì nà án padà. F4i bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, ike rẹ̀ nìkan á gba owó gidi lọ́wọ́ yín. Ìwúwo rẹ̀ náà bíi kìlógíráàmù 200 ni bí epo bá kún un, ta ló fẹ́ kí ìyẹn wọ́ lé òun lẹ́sẹ̀?

Ní ti ilẹ̀, ẹ má lo ilẹ̀ pupa tí òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn á yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ tó gbẹ dáa fún báìkì inú igbó, sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbá mọ́ náà dáa. Bí ilẹ̀ bá gòkè díẹ̀, tó jẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, iwájú á rọrùn láti gbé, eré ò sì ní pọ̀. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn òjò. Ẹ má sì ṣe é nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ gan-an, torí pé báìkì tó dìde dúró ti di ìgbòkun, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ á máa tì í.

IjakadiLoro

Igbómìnà, o ṣeun púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilẹ̀ ilé iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Ìdófìán tí wọn ò lò mọ́, sìmẹ́ńtì wà nínú ọgbà rẹ̀, ògiri sì yí i ká. Ó ti fún mi láṣẹ. Bó o bá lè gbé 125 yẹn gba Ajáṣẹ́-Ìpo wá lọ́jọ́ Sátidé, èmi á gbé ti tèmi láti Ọ̀fà. OmoTanke, SpeedKwara, Àdùkẹ́, ẹ wá. F4i kó dúró sílé.

OmoTanke600

Alhamdulillah. Màá wá. Kí ni kí n mú dání?

IjakadiLoro

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ, ìbọ̀wọ́, bọ́ọ̀tù, omi mímu tó pọ̀. Ẹ dé kí aago méje tó lù, oòrùn ò tíì mú nígbà náà. Ẹ jẹun wá. Màá so okùn tó wà lára ibi ìpa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tó bá ń gùn, kó bàa lè pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bó bá já bọ́. Ẹsẹ̀ nìkan la máa ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ má retí kí táyà gbéra.

IyaIbejiNoosi

Ẹ gba báńdéèjì àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́ mi kí ẹ tó lọ. Bí mi ò bá sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi á wá.

GambariBoy

Ṣé mo lè tẹ̀lé yín? Mi ò ní báìkì.

IjakadiLoro

Wá, àbúrò. A nílò ẹni tó máa dúró lẹ́nu géètì, kó máa dá àwọn ọmọdé padà. Wọ́n á wá wò, bí wọ́n bá ti gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì báyìí.